Ẹ̀kọ́ Ohun Abẹ̀mí ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Ohun Tí Ojú Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Rí Níbẹ̀

Kò sí ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé tí a kì í gbọ́ irú ìbéèrè kan náà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ti mọ orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ tí wọn yóò kọ́ tán, wọn a tọ àwọn ẹ̀gbọ́n tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn lọ, wọn a ní: “Ẹ̀gbọ́n, irú ènìyàn wo ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí? Ṣé máàkì kì í wọ́n lọ́wọ́ wọn? Ṣé inú ìwé tí wọ́n bá fún wa náà ni ìbéèrè ìdánwò wọn ti ń jáde?” Àwọn ẹ̀gbọ́n a sì dáhùn, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ojú rẹ̀ ti rí i. Ẹni tí ó yege a ní olùkọ́ náà kò lẹ́gbẹ́; ẹni tí ó kùnà a ní òǹrorò ni. Ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti sábà máa ń gbóná jù ni ti ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ewéko, kòkòrò, àti àwọn ẹ̀dá wíwẹ́ tí ojú lásán kò lè rí.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe láti yin olùkọ́ kan tàbí láti bú òmíràn. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìdí tí ó fi ń ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ lára, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èdè rẹ̀ dáradára ní ohun ìní kan lọ́wọ́, tí kò yẹ kí ó jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà iyàrá ìwádìí. Bí a bá fẹ́ gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, a ó ní ojú ni ẹ̀kọ́ yìí kọ́kọ́ ń kọ́, kí ó tó kan orí. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa jà pẹ̀lú olùkọ́ títí tí yóò fi jáde.

Bí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ọdún 1948 ni a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀. Ẹlẹ́yẹlé ni ó kọ́kọ́ wà, nínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ-ogun ti fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí ó tó ṣí lọ sí ibi tí ó wà lónìí, tí Àgbowó kọjú sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí Bódìjà sì jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà nígbà náà, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbà, títí di ọdún 1962 tí ó dá dúró tí a sì sọ ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Kenneth Mellanby, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀, onímọ̀ nípa kòkòrò ni. Kí ó tó wá sí ilẹ̀ wa, ó ti ṣe ìwádìí kan ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun, lórí àrùn ara yíyún kan tí kòkòrò wíwẹ́ abẹ́ awọ ń fà. Gbogbo ayé gbà nígbà náà pé aṣọ ìbora ni ó ń kó àrùn náà ran ènìyàn. Mellanby kò gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn ọkùnrin kan jọ, tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ jagun ṣùgbọ́n tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n lo aṣọ tí àwọn alárùn ti lò. Díẹ̀ kín-ún nínú wọn ni àrùn náà mú. Nípa èyí ni ó fi hàn pé ìfarakanra ni ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà ràn jù lọ. Ẹ kíyè sí èyí dáradára, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà: ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ lè jẹ́ òtítọ́, ó sì lè má jẹ́ òtítọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ni kí ó dán an wò.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ó kọ ìwé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, ẹranko ilẹ̀ wọn àti ewéko ilẹ̀ wọn ni wọ́n kọ nípa rẹ̀. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Ìsẹ́yìn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde wá yóò ti ṣe mọ òdòdó tí ń yọ nígbà tí yìnyín bá ń yọ́? Nítorí náà, àyè wà fún àwọn olùkọ́ láti fi ẹ̀dá ilẹ̀ yìí rọ́pò ti òkèèrè nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ọgbà ẹranko tí àwọn ọmọdé Ìbàdàn ń lọ wò nígbà ọdún, àwọn ẹranko díẹ̀ tí a kó jọ láti ọdún 1948 fún ìlò ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹranko ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1974 ni ó tó di ọgbà ẹranko ní kíkún.

Àwọn olùkọ́ tí ó jáde síta kò pàdánù. J. H. Elgood, tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹranko, rí ẹyẹ kan ní Ìbàdàn, dúdú tí pupa wà lórí àti àyà rẹ̀, ìbátan ẹ̀gà ni. Nígbà tí ó yẹ ìwé wò, kò sí ẹni tí ó ti kọ nípa rẹ̀ rí. Ní ọdún 1958 ni ó kéde rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ gbogbo ayé, ó sì fi orúkọ ìlú wa pè é: Malimbus ibadanensis. Ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tí ewu ìparun rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí lónìí, nítorí igbó tí a ń gé. Ẹ̀kọ́ wo ni ó tún lè ju èyí lọ fún akẹ́kọ̀ọ́? Ohun tí kò sí nínú ìwé lè wà lórí igi ẹ̀yìnkùlé.

Nínú iyàrá ìwádìí

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí nǹkan ti máa ń rí fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ó ti ilé-ẹ̀kọ́ girama dé pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọ́sórí. Ó lè ka iṣẹ́ ọkàn, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti iṣẹ́ kíndìnrín láìfojú kan ìwé. Ó wọ aṣọ funfun, ó mú abẹ, àlùmọ́gàjí àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, a sì gbé ọ̀pọ̀lọ́ kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú àwo tí a yọ́ ìda sí nísàlẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè rí ibi dúró. Òórùn oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹranko rà gba gbogbo iyàrá kan. Àwọn kan di imú, àwọn kan bojú wẹ̀yìn. Ẹni tí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ kun adìyẹ ní ọjọ́ ọdún ni ó sì máa ń ṣáájú ẹgbẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí òróòro wà, ó sì ti mọ bí a ti ń yẹra fún un kí ó má bàa bẹ́.

Nígbà tí a bá ti la inú ọ̀pọ̀lọ́ náà, olùkọ́ yóò pàṣẹ kan: “Ya ohun tí o rí.” Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lóró jù. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣe ni pé wọn yóò rántí àwòrán tí ó wà nínú ìwé, wọn yóò sì yà á síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ sórí, pẹ̀lú gbogbo orúkọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àwòrán náà a dára, ó lè dára ju ti ẹni tí ó ya òtítọ́ lọ. Síbẹ̀, olùkọ́ a fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ a bínú, a ní: “Ohun tí ó wà nínú ìwé kọ́ ni mo yà?” Òun gan-an ni, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe rẹ̀ wà. Àkèré ilẹ̀ òtútù ni ó wà nínú ìwé. Ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ wa ni ó wà nínú àwo. Ìwé kò lè sọ fún un pé abo ni ọ̀pọ̀lọ́ tirẹ̀, tí ẹyin dúdú wẹ́wẹ́ fi bo ìfun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kò lè sọ fún un pé bí ó bá la àpò oúnjẹ rẹ̀, èèrà ni yóò bá níbẹ̀, tí yóò sì fi mọ ohun tí ọ̀pọ̀lọ́ náà ń ṣe lábẹ́ iná ilé lálẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn òfin yíya àwòrán fi le tó bẹ́ẹ̀: kí ìlà jẹ́ ẹyọ kan, kí a má fi pẹ́ńsùlù kùn ún dúdú, kí ìlà orúkọ má dábùú ara wọn, kí a sì kọ iye ìgbà tí àwòrán fi tóbi ju ohun tí a ń wò lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìfẹ́ inú olùkọ́ lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fa ìlà kan ṣoṣo kò lè fi òkùnkùn bo ohun tí kò rí. Ó di dandan fún un kí ó pinnu: ṣé ibí ni iṣan yìí ti yà, àbí ọ̀hún? Kí ó sì tó lè pinnu, ó di dandan kí ó tún wò ó. Nígbà tí ó bá tún wo ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ náà, yóò rí i pé iyàrá mẹ́ta ni ó ní, nígbà tí ọkàn tiwa jẹ́ mẹ́rin. Ohun tí ó ti kọ́ sórí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ náà ni ó tó mọ̀ ọ́n.

Bákan náà ni ti màíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ kékeré di ńlá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, irun ìpéǹpéjú ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rí nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a rí afẹ́fẹ́ roboto tí ó há sínú omi lábẹ́ gíláàsì, wọn a sì yà á tayọ̀tayọ̀ pé ẹ̀dá abẹ̀mí ni. Kò sí ohun ìtìjú nínú èyí. A kì í bí ojú tí ó mọ ìwò. A máa ń kọ́ ọ ni.

Alángbá ara ògiri

Bí a bá fẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí ojú tí ó ti kọ́ ìwò lè ṣe, ẹ jẹ́ kí a wo alángbá. Kò sí ògiri kan ní Bódìjà, ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Ring Road tí kò sí lára rẹ̀. Gbogbo wa ni a sì mọ òwe tí ó ní alángbá já láti orí ìrókò, kò kú, ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń mi orí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti wo alángbá dáradára. Ó ti rí mímì orí náà, ó sì ti béèrè ìdí rẹ̀.

Vernon Harris, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹranko ní Ìbàdàn, kò kẹ́gàn alángbá. Ó ṣọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́, ó sì kọ odidi ìwé kan nípa ìgbé-ayé rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1964. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi yé wa ni pé akọ tí orí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí ara rẹ̀ sì dúdú bí aró, baálé ni. Ó ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó ní àwọn abo tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí akọ mìíràn dé ibẹ̀. Mímì orí rẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ fún akọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì tún jẹ́ ìkésíni fún abo. Bí akọ mìíràn bá ṣẹ́gun rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀ a ṣá. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí òtútù mú, àwọ̀ náà a tún ṣá. Òwe àwọn bàbá wa kò jìnnà sí òtítọ́ yìí rárá. Wọ́n ní ìyìn ara ẹni ni. Onímọ̀ ní ìkéde ipò ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé onímọ̀ kò dúró lórí èrò tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó kà á, ó kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó bóyá alángbá a máa mi orí nígbà tí òun nìkan bá wà, ó sì fi ti akọ wé ti abo.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rò pé òun gbọ́dọ̀ gbàgbé òwe kí òun tó lè mọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣì í gbọ́. Òwe ni ìbéèrè. Iyàrá ìwádìí ni ibi tí a ti ń wá ìdáhùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Ohun mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ráhùn lé lórí ni orúkọ Látìn. Olùkọ́ a ka ogójì sílẹ̀ fún wọn, wọn a sì máa kọ́ wọn sórí lóru bí ẹni ń kọ́ ọfọ̀. Linnaeus, ará ilẹ̀ Súwídìn, ni ó fi ìdí àṣà orúkọ alápá méjì yìí múlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ nípa ewéko ní ọdún 1753. Apá kìíní dà bí orúkọ ìdílé, apá kejì a sì máa ya ẹ̀dá kan sọ́tọ̀ láàrin àwọn ìbátan rẹ̀.

Ǹjẹ́ àjèjì ni èyí sí wa? Rárá o. A ní tẹ̀tẹ̀, a sì ní tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. Orúkọ tí Linnaeus fún tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ni Amaranthus spinosus. Amaranthus ni tẹ̀tẹ̀. Spinosus sì túmọ̀ sí ẹlẹ́gùn-ún. Ẹni tí ó wà ní Súwídìn àti ìyá tí ń já ẹ̀fọ́ lóko, ohun kan náà ni wọ́n rí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ tún wo patanmọ́, koríko tí ewé rẹ̀ máa ń pa dé bí ọwọ́ bá ti kàn án, tí àwọn ọmọdé fi máa ń ṣeré. Mimosa pudica ni orúkọ rẹ̀ lédè Látìn. Kí ni pudica? Onítìjú ni, ẹni tí ó mọ bí a ti ń bo ara. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni koríko yìí ti wá sí ilẹ̀ wa, síbẹ̀ nígbà tí ó dé, àwọn ènìyàn wa wo ìṣe rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ tí ó bá ti Linnaeus mu, láìjẹ́ pé wọ́n pàdé ara wọn rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi èyí kọ́ orúkọ kò ní gbàgbé rẹ̀ títí ayé.

Àmọ́ kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni orúkọ àti ìpín tiwa ń bá ìwádìí mu. Àdán ni a ní kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Ìwádìí fi hàn pé ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ẹran afọ́mọlọ́mú ni ó wà, kò sí ìyè méjì níbẹ̀. Ikán àti èèrà ni a máa ń pè pọ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Aáyán ni ìbátan ikán, èèrà sì sún mọ́ oyin àti agbọ́n ju ikán lọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ àgbà àti ìwádìí bá ti yà, kì í ṣe ìwà àfojúdi láti tẹ̀ lé ohun tí a fi ojú rí.

Iṣẹ́ ńlá sì ti wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ so ìmọ̀ méjèèjì pọ̀. Ní Jẹ́ríkò, ní Ìbàdàn yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ní ilé ńlá kan tí a kó ewé gbígbẹ oríṣiríṣi pamọ́ sí, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ibi tí a ti já a. Ilé-iṣẹ́ yìí ni ó tẹ ìwé tí Z. O. Gbile kó jọ lórí orúkọ ewéko ní èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1984. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó nínú ẹ̀kọ́ ewéko, àti mélòó nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, ni ó ti ṣí i wò?

Ìtàn sòbìà

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé alángbá àti patanmọ́, ọ̀rọ̀ eré ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ lórí èyí tí kì í ṣe eré. Òwe kan wà tí ó ní: bí sòbìà bá máa degbò, olúgànbe là á ké sí. Òwe náà fi hàn pé àrùn yìí ti pẹ́ láàrin wa, àti pé àwọn àgbà mọ ewé tí wọ́n ń fi tọ́jú ojú egbò rẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ọ̀nà tí aràn gígùn náà ń gbà wọ ara.

Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ni ó kọ́kọ́ rí i, ní nǹkan bí ọdún 1870, pé ẹ̀dá wíwẹ́ inú omi kan, ìbátan edé àti akàn, ni ó ń gbé ọmọ aràn náà kiri. Ṣùgbọ́n irú àwọn ẹ̀dá wíwẹ́ yìí pọ̀ lóríṣiríṣi. Èwo ni tiwa? Ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀mọ̀wé Sanya Onabamiro, tí ó ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ni ó lọ sí ìdí omi tí àwọn ará abúlé ń mu láti wá ìdáhùn. Ní ọdún 1951 ni ó kọ̀wé pé ní abúlé kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, èyí tí ń jẹ́ Thermocyclops nigerianus ni ó ń kó sòbìà ran àwọn ènìyàn. Kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹ wo bí ó ti ń rí. Ẹni tí sòbìà ti yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wọ inú omi láti pọn ún. Aràn náà tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Ẹ̀dá wíwẹ́ náà gbé ọmọ aràn mì. Ẹlòmíràn bu omi mu, ó sì gbé ẹ̀dá wíwẹ́ náà mì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, sòbìà yọ lẹ́sẹ̀ ẹni náà. Kò sí oògùn tí ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti mọ ọ̀nà tí ó ń gbà, aṣọ tí ojú rẹ̀ wẹ́ tó láti sẹ́ omi, àti kí alárùn má wọ inú omi mọ́, tó láti dá a dúró. Nígbà tí a kà á káàkiri Nàìjíríà, iye tí a kọ sílẹ̀ fún ọdún 1988 ju 650,000 lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí alárùn tí ó kẹ́yìn, ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ara àwọn tí ó là á sílẹ̀ ni àwọn tí ó jókòó ti awò, tí wọ́n ń ka ẹsẹ̀ ẹ̀dá wíwẹ́ inú omi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó ya ẹ̀dá wíwẹ́ yìí lónìí, tí ó ń ráhùn pé olùkọ́ ti le jù nítorí pé ó ní kí ó ka ìpín eriri rẹ̀, kí ó rántí pé ìpín kékeré bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ èyí tí ń kó àrùn yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣe nǹkan kan.

Àwọn ohun tí ń dí ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́

A kò lè sọ gbogbo èyí kí a dá ẹ̀bi lé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan lórí. Àwọn ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọlé ní 1948 kò pọ̀, olùkọ́ sì lè dúró ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lónìí, iyàrá ẹ̀kọ́ a máa kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá yí ọ̀pọ̀lọ́ kan ká, báwo ni olùkọ́ yóò ti ṣe mọ ẹni tí kò tíì fi ojú kan ọkàn rẹ̀? Ẹni tí kò ríran ń wo ìwé ẹni tí ó wà níwájú, ẹni iwájú ń wo ìwé àwòrán, gbogbo wọn a sì ya ohun kan náà.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà Àgbowó kò jìnnà. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè ra ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sílẹ̀ àti ìbéèrè ìdánwò ọdún tí ó ti kọjá. A kò ní kí ó má rà á. Ṣùgbọ́n kò sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti lè ṣe ẹ̀dà ojú ẹlòmíràn rà.

Ìdíwọ́ mìíràn ni títì tí a ń ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí àìgbọ́ra-ẹni-yé pẹ̀lú ìjọba. Ìwé ìtàn lè dúró de akẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù mẹ́jọ; òjò kò lè dúró. Ìgbà tí èsúnsún ń fò jáde lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ìgbà tí ọ̀pọ̀lọ́ ń yé, ìgbà tí àwọn igi kan ń rúwé, gbogbo rẹ̀ ni ó kọjá nígbà tí iyàrá ìwádìí wà ní títì.

Ó sì tún yẹ kí a sọ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ẹ̀kọ́ yìí tọ́ sí. Chinua Achebe wá sí Ìbàdàn ní ọdún 1948 láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Lẹ́yìn ọdún kan, ó yí padà sí ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ìsìn, owó ìrànwọ́ tí a fún un sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èyí. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó pàdánù. Òbí tí ó fi agbára mú ọmọ wọ inú ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí nítorí kí a lè máa pè é ní ìyá dókítà tàbí bàbá dókítà, kí ó ro èyí wò.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe béèrè mọ́ bóyá máàkì wọ́n lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fẹ́ kí ẹ rí. Ẹ dé iyàrá ìwádìí ṣáájú àkókò, kí ẹ lè rí ibi tí ojú yín yóò ti tó ohun tí a ń wò. Ẹ ya àwòrán kí ẹ tó ṣí ìwé. Bí ẹ bá sì lọ sílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà orúkọ ewé tí ẹ kọ́, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Látìn rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní yunifásítì, a mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣàlàyé ìdí òfin kí ẹ tó fi yíǹkì pupa fa ìlà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ kun àwòrán dúdú kò ní pe olùkọ́ rẹ̀ ní òǹrorò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré àti girama, ọwọ́ yín ni ìpìlẹ̀ wà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, nínú èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ àyàfi èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáradára ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ẹ kò nílò awò olówó iyebíye láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣọ́ alángbá kan lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ fún ìdajì wákàtí, kí wọ́n ka iye ìgbà tí ó mi orí, kí wọ́n sì sọ ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ nígbà náà. Ẹ ní kí wọ́n mú ewé kan wá láti ilé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí wọ́n wá ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti ṣe èyí ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ó bá dé Ìbàdàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sì wí fún un pé kí ó ya ohun tí ó rí, yóò mú pẹ́ńsùlù rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.